Fọ́tò ọgọ́rin ọdún Màmá: ìdí tí 4×6 fi dán tí A4 sì ń ṣe bàìbàì

Kò sí ohun tó ṣe príńtà náà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí òun ni gbogbo ilé ti dá lẹ́bi kí wọ́n tó pè mí. Bàbá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, irú èyí tí wọ́n máa ń da íǹkì inú ìgò sí nínú. Ó gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀ wọn ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ó ní òun fúnra òun lòun máa tẹ fọ́tò ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá ìyàwó òun. Ọmọ méje ni Màmá bí. Àdéhùn ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba A4 kan nínú férémù, Màmá fúnra wọn á sì gba álúbọ́ọ̀mù tó kún fún fọ́tò 4×6, ìyẹn ínṣì mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń gbà níta lórí A4 kan ṣoṣo á mọ̀ pé ọgbọ́n lọkùnrin náà dá.

Àwọn fọ́tò kéékèèké jáde, wọ́n dán, inú gbogbo ilé dùn. Ìgbà tí wọ́n tẹ ọ̀kan nínú wọn sórí A4 ni wàhálà dé. Ojú Màmá ṣe bàìbàì, àfi bí ẹni pé wọ́n mira nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n. Lẹ́ẹ̀sì ọrùn wọn, tí èèyàn lè ka ihò rẹ̀ lójú fọ́tò kékeré, ti dì pọ̀. Ní etí gèlè, níbi tí pupa ti pàdé ògiri funfun, àwọn onígun mẹ́rin wínníwínní tò tẹ̀léra wọn. Fọ́tò kan náà ni, príńtà kan náà, oríṣi pépà kan náà. Àna kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé irú ìyẹn fún.

Kí n tó dé, ìmọ̀ràn ti wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ Bàbá Ìbejì ní 72 dpi (iye ẹyọ nínú ínṣì kan) ni fáìlì náà wà, pé kó sọ ọ́ di 300. Ẹlòmíràn ní kí ló dé tó fẹ́ dúró ní 300, kó kúkú gbé e lọ sí 600 kọ́kàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó gbé e lọ sí 600. Fáìlì wú, príńtà ń rọra fà á bọ̀, nígbà tó dé àgbọ̀n Màmá ni wọ́n mú iná lọ. Pépà fọ́tò kan lọ báyẹn. Nígbà tí iná dé tó sì tẹ òmíràn parí, bàìbàì ti tẹ́lẹ̀ ló tún bá pàdé, tó ti wá fi àkókò àti íǹkì kún un.

Ọ̀rọ̀ dpi kọ́ ni mo bá wọlé. Mo ní kó ṣí fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà gan-an, kí a wo iye píksẹ́lì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n fi di fọ́tò. Lórí Windows, èèyàn á tẹ máọ́ọ̀sì ọwọ́ ọ̀tún lórí fáìlì náà, á yan Properties, á yan Details, á rí i níbẹ̀. Ohun tí a rí ni 1067 × 1600.

Mo bi í pé, “Níbo lẹ ti rí fọ́tò yìí?”

“Ṣebí onífọ́tò ló jù ú sí gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp.”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é, á dín in kù kó lè tètè dé, kó má sì jẹ dáta. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà onífọ́tò ya 4000 × 6000, ohun tó wá dé gúrúùpù jẹ́ 1067 × 1600. Nínú píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 ló kù. Lójú fóònù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ojú fóònù kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ohun tó kù sì tó o kún.

Iye píksẹ́lì tí kámẹ́rà bá kó sílẹ̀ nígbà tó ya fọ́tò ni gbogbo ohun ìní fọ́tò náà. Pépà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa fún mọ́ra tó. Èèyàn á mú iye píksẹ́lì ẹ̀gbẹ́ kan, á pín in sí iye ínṣì tí ẹ̀gbẹ́ yẹn máa jẹ́ lórí pépà, ó tán. Fọ́tò Màmá lórí 4×6: 1067 pín sí 4 jẹ́ 267 nínú ínṣì kan. Lórí A4, tó fẹ̀ ní ínṣì 8.27: 1067 pín sí 8.27 jẹ́ 129. Ohun tó mú kí kékeré dán tí ńlá sì ṣe bàìbàì kò ju ìyẹn lọ. Àwọn píksẹ́lì kan náà ni, a kàn ní kí wọ́n lọ bo ilẹ̀ tó ju agbára wọn lọ ni.

Bàbá Ìbejì ní, “Ìyẹn ni pé 300 tí wọ́n ń pariwo kì í ṣe irọ́?”

Kì í ṣe irọ́, ó nídìí. Ojú tó ríran dáadáa, tó wo fọ́tò láti nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kò lè ya àwọn ẹyọ náà sọ́tọ̀ mọ́ tí wọ́n bá ti tó nǹkan bí 290 nínú ínṣì kan. Nítorí náà, 300 tó fún ohun tí a ń gbé sọ́wọ́ wò. Bí èèyàn bá ṣe ń jìnnà sí i ni iye tó nílò ń wálẹ̀: láti mítà kan, nǹkan bí 87 ti tó. Àwọn tó ń fi ìwé ṣírò á wá sọ pé A4 tí a fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri, 129 ti ju èyí tó nílò lọ, kí a má da ara wa láàmú.

Mi ò gbà. Wọn kò tíì rí bí àlejò ṣe ń wo fọ́tò ní pálọ̀ wa ni. Ta ló ń jókòó sórí àga wo fọ́tò àgbà? Wọ́n á dìde, wọ́n á rìn lọ bá a, wọ́n á fi ìka kan gíláàsì, wọ́n á ní “Màmá ò mà gbó rárá,” wọ́n á tún béèrè ẹni tó wà lápá òsì. Fọ́tò tí gbogbo ẹbí máa fi imú kàn, láti ìwọ̀n tí a fi ń ka ìwé ni kí a ti ṣírò rẹ̀. Ní tèmi, 300 ni mò ń lé. Mo lè gba 200 tí kò bá sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Tó bá ti ń lọ sí 150 lórí ojú èèyàn, mo máa ń ní kí wọ́n dín pépà kù.

Ọ̀rọ̀ 72 ni kí n parí, torí ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nọ́ńbà yẹn kàn jẹ́ àkọlé tó wà lára fáìlì ni. Tí a bá yí i sí 300 láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọwọ́ kan píksẹ́lì, kò sí ohun kan tó yí padà nínú fọ́tò. 1067 × 1600 ló ṣì jẹ́. Èyí tí Bàbá Ìbejì ṣe yàtọ̀. Ó sọ pé kí fọ́tò náà jẹ́ 600 lórí A4, ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi píksẹ́lì kún un. A4 ní 600 jẹ́ 4961 × 7016, nǹkan bí mílíọ̀nù 35. Láti inú mílíọ̀nù 1.7! Ìyẹn ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ti di ogún, kọ̀ǹpútà ló sì fi àbá gbé mọ́kàndínlógún jáde, tó ń wo àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ìkejì tó ń lu wọ́n pọ̀. Bí omi tí wọ́n bù kún ọbẹ̀ nígbà tí àlejò pọ̀ ni: ìkòkò kún, ẹran kò lé.

Ó tún fi ojú páálí príńtà hàn mí, níbi tí wọ́n kọ 5760 × 1440 dpi sí. Ó ní ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí fáìlì òun tó ìyẹn ni? Rárá o. Ẹ̀kán íǹkì tí príńtà lè tò ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Àwọ̀ mẹ́rin ni íǹkì rẹ̀ ní, dúdú, yẹ́lò, pupa-ṣá àti búlúù, àwọn wọ̀nyí ló sì máa fi ṣe àwọ̀ ara Màmá, àwọ̀ gèlè, àwọ̀ àga. Ó ní láti to ọ̀pọ̀ ẹ̀kán kó tó lè ṣe àwọ̀ píksẹ́lì kan ṣoṣo. Nọ́ńbà orí páálí kò kan fáìlì wa.

Àwọn ìbejì ló wá mú áàpù dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, kò sí ohun tí áàpù kò lè ṣe lójú tiwọn. Èyí Kẹ́hìndé ní lórí fóònù rẹ̀ máa ń gba fọ́tò tó ṣe bàìbàì, á sì dá a padà ní dídán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí A4, ó sì dán lóòótọ́. Ojú mọ́ kedere, irun ìpéǹpéjú ṣeé kà. Bàbá Ìbejì ti ń wo ojú mi pé ṣé mo rí i báyìí. Wọ́n gbé e lọ bá Màmá lórí àga wọn.

Màmá wọ awò ojú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Obìnrin yìí arẹwà. Ọmọ ta ni?”

Ọmọ bíbí Oǹdó ni Màmá, ilà Oǹdó sì wà lójú wọn, ẹyọ kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Áàpù náà ti nu ún kúrò. Nínú fáìlì WhatsApp, ilà náà ti di òjìji fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lásán, áàpù sì rò pé ìdọ̀tí ni, tàbí pé ojú tó dára kì í ní irú rẹ̀, ó wá fi awọ tó jọ̀lọ̀ rọ́pò. Ó tún fi eyín kan tó ti yọ láti ọdún gbọọrọ sẹ́nu wọn padà. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní kí wọ́n ya pépà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìyá oníyàá fún òun pé ìyá òun ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn áàpù yẹn wúlò fún ògiri àti aṣọ. Ojú èèyàn, pàápàá ojú àgbà, kò yẹ kí á fi síkàáwọ́ àfọ̀ṣẹ kọ̀ǹpútà.

Ó wá ku kí a lọ bá ẹni tí fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya fọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí géètì yunifásítì FUTA. Mo pè é lórí fóònù, mo ní ṣé ojúlówó fáìlì ṣì wà.

“Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹbí ló ní kí n jù ú sí gúrúùpù, wọn ò béèrè òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ báyìí.”

Mo ní tó bá máa gba orí WhatsApp, kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, nítorí WhatsApp kì í fọwọ́ kan ohun tó bá gba ọ̀nà dókúmẹ́ǹtì. Fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sí nǹkan bíi 10 MB, wọ́n pọ̀, Bàbá Ìbejì sì ti ń ṣírò dáta lọ́kàn. Ó kúkú gbé fíláàṣì, ó lọ kó wọn fúnra rẹ̀. Ní tòótọ́, 4000 × 6000 ló jẹ́. Lórí A4, 484 nínú ínṣì kan.

Bàbá Ìbejì tún bi mí pé, ṣé kí òun wá dín 484 kù sí 300, àbí kí òun gbé e sí 600. Dípò kí n máa bá a jiyàn, mo gé ibi ojú Màmá, ọrùn lẹ́ẹ̀sì àti etí gèlè, ní ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ́ gan-an lórí A4, mo sì to oríṣi mẹ́rin sórí pépà fọ́tò kan ṣoṣo: 129 ti WhatsApp, 200, 300, àti 484 bó ṣe wà. Mo fi lẹ́tà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sọ èyí tó jẹ́ èwo. Pépà ń lọ káàkiri pálọ̀. Màmá mú 129 sọ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ní èyí ni wọ́n fi ṣe òun ní ìbàjẹ́. Láàrin 200 àti 300, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀; lẹ́ẹ̀sì ló tú u, Táíwò rí i pé ihò rẹ̀ mọ́ ní ọ̀kan ju èkejì lọ. Láàrin 300 àti 484, kò sẹ́ni tó rí ìyàtọ̀, èmi náà kò rí i. A fi fáìlì sílẹ̀ bó ṣe wà. Dídín in kù kò ní èrè, bẹ́ẹ̀ ni fífi kún un kò ní.

Èyí tí a wá ń bá jà lẹ́yìn ìyẹn kò kan píksẹ́lì mọ́, gèlè ló kàn. Fọ́tò kámẹ́rà gùn ju A4 lọ. Tí a bá fẹ́ kó kún pépà láìsí funfun létí, tí ìbú rẹ̀ bá ti kún 8.27, gígùn rẹ̀ á di nǹkan bí ínṣì 12.4, A4 kò sì ju 11.69 lọ. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì gbọ́dọ̀ lọ. Tí a bá fi sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, á gé ìdajì lókè, á gé ìdajì nísàlẹ̀, ibi tó máa gé lókè sì ni ṣóńṣó gèlè. Títẹ̀ láìsí etí funfun tún máa ń fẹ fọ́tò díẹ̀ kọjá etí pépà, ìyẹn náà á tún jẹ díẹ̀ sí i. Ìyá Ìbejì, tó dúró ti awégèlè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. A sún fọ́tò náà sísàlẹ̀ títí gbogbo ohun tó máa gé fi bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì kò ní ẹbí tó máa bínú.

Lórí pépà, mi ò ní sọ púpọ̀. Pépà fọ́tò dídán ni wọ́n rà, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ibi tí a ti ń yan pépà sílẹ̀ sí pépà lásán. Íǹkì tí príńtà ń tú sílẹ̀ fún pépà lásán kì í ṣe irú èyí tó ń tú fún pépà dídán. Nígbà tí a yí i padà, àwọ̀ ara Màmá kúrò ní eérú, ó sì di bó ṣe yẹ kó rí. Mo tún ní kí wọ́n dúró de ìgbà tí iná bá fìdí múlẹ̀ tàbí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó fi ìwọ̀n tó ga jù tẹ A4, torí ó ń pẹ́ kó tó jáde, pépà tí iná bá sì lọ mọ́ lára kò ṣeé tún tẹ̀.

Méje jáde, wọ́n dára. A rò pé iṣẹ́ ti parí ni Màmá bá wọ yàrá, wọ́n mú fọ́tò kan jáde, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ínṣì méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n yà ní Oǹdó kí wọ́n tó lọ́kọ. Wọ́n ní ṣé a lè sọ òun náà di ńlá. Ilà ojú wọn mọ́ kedere níbẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, Ìyá Ìbejì sì gbé e lọ sójú Kẹ́hìndé kó wò ó dáadáa.

Fọ́tò orí pépà kò ní píksẹ́lì, sikánà ló máa fún un. Ìṣirò kan náà ni, ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀ ni. Tí a bá fẹ́ 4×6 ní 300, 1200 × 1800 la nílò. Ínṣì méjì sí mẹ́ta tí a fi 600 kà jẹ́ 1200 × 1800 gẹ́lẹ́. Wọ́n tún fẹ́ A4. Ìyẹn á gba pé kí a fi nǹkan bíi 1240 kà á. Sikánà tó wà lórí príńtà náà lè ka 1200, a sì gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó fi kún un ni ìhun pépà, eruku, àti ibi tí fọ́tò ti pọ́n. Ojú Màmá kò ní ohun tuntun kan tó fẹ́ sọ fún wa lẹ́yìn 600, nítorí fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà kò kó ju ìyẹn lọ. A nu gíláàsì sikánà, a fi 600 kà á, a tẹ̀ ẹ́ sí 4×6, Màmá fi sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú álúbọ́ọ̀mù.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí kò lójútùú. Fọ́tò gbogbo ọmọ-ọmọ tó yí Màmá ká, onífọ́tò kọ́ ló yà á. Àbúrò Ìyá Ìbejì ọkùnrin ló fi fóònù yà á, ó jù ú sí gúrúùpù, kò pẹ́ tí fóònù náà fi sọnù sínú kẹ̀kẹ́ kan lọ́nà Ọba Adésídà. Èyí tó kù ní gúrúùpù jẹ́ 1600 × 1200. Lórí A4, nǹkan bí 137, ojú àwọn ọmọ sì ti kéré tẹ́lẹ̀, nítorí ogúnlọ́gọ̀ ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí 5×7, tó fún wa ní nǹkan bí 229. Ó jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n férémù A4 ni wọ́n ti rà, wọn kò sì fẹ́ kó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Oníférémù gé páálí funfun kan, ó fi ihò sáàrin rẹ̀, funfun sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lókè àti nísàlẹ̀, mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, fọ́tò sì jókòó sáàrin.

Àbúrò Ìyá Ìbejì wò ó, ó ní funfun yẹn ti pọ̀ jù, ṣé a ò lè fẹ fọ́tò náà díẹ̀ sí i? Ìyá Ìbejì ní kó kọ́kọ́ lọ wá kẹ̀kẹ́ yẹn rí.